Bí A Ṣe Ń Dá Owó Bébà Àwọn Báǹkì Ìlú Kéékèèké ní Amẹ́ríkà Àtijọ́ Mọ̀, Tí A Sì Ń Kó O Jọ

Ẹni tí ó bá dàgbà sí Nàìjíríà mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ni owó ti ń wá. Láyé òyìnbó, West African Currency Board tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 ni ó ń gbé e jáde. Láti ọdún 1959 sì ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń ya ọ̀pọ̀ ará wa tí ń gbé Amẹ́ríkà lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá rí owó dọ́là àtijọ́ kan nínú ẹrù olóògbé tàbí lórí tábìlì àwọn tí ń ta ọjà àlòkù, tí orúkọ ìlú kékeré kan ní Iowa tàbí Pennsylvania sì wà ní àárín rẹ̀ gàdàgbà. Owó gidi ni. Láti ọdún 1863 títí di ọdún 1935, báǹkì tí ó lé ní 12,000 ni ó gbé irú owó yìí jáde ní orúkọ ara wọn, tí ìlú ńlá àti ìlú kékeré kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ti àwọn ìlú kéékèèké yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé òmíràn nínú wọn wà tí owó bébà kan tàbí méjì péré ni a ṣì mọ̀ pé ó kù láyé láti ọ̀dọ̀ báǹkì rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo àmì tí a ó máa wá ti jáde. Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ìjọba Ààrẹ Abraham Lincoln ń wá owó kiri, bẹ́ẹ̀ ni owó bébà tí báǹkì kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ débi pé ọlọ́jà kò mọ èyí tí ó yẹ kí òun gbà. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejì ọdún 1863, tí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1864, fi àyè sílẹ̀ fún báǹkì tí ó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ láti ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba, kí ó fi í ṣe ohun ìdógò sí Ilé Ìṣúra ní Washington, kí ìjọba sì tẹ owó tí ó ní orúkọ báǹkì náà lára fún un. Títí di ọdún 1900, ìdógò dọ́là 100 kò lè mú ju owó dọ́là 90 wá. Láti ọdún náà lọ ni ó tó di 100 fún 100. Bí báǹkì bá wó, Ilé Ìṣúra ni ó ń san owó náà, kò sì sí ẹni tí owó rẹ̀ ń run mọ́ ọn lọ́wọ́. Odindi bébà tí owó mélòó kan wà lójú rẹ̀ ni ìjọba ń fi ránṣẹ́; ní ìlú náà gan-an ni ààrẹ báǹkì àti akápò ti ń fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Ìdí nìyí tí etí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi gún régé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àbùkù ni.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: rúlà kan, awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, iná tí a lè darí síbi tí a bá fẹ́, àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí ọwọ́ mọ́, kí ó sì gbẹ kí ẹ tó fi kan bébà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ọ́n

Ẹ fi rúlà wọn ìbú àti gíga rẹ̀. Bí ó bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18.8 ní ìbú àti 7.9 ní gíga, owó ńlá ni, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọdún 1929 tó dé. Bí ó bá sì jẹ́ nǹkan bí 15.6 sí 6.6, tí ó bá dọ́là òde òní dọ́gba, a jẹ́ pé ó wà lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ láti ọdún 1929 sí 1935. Àwọn owó ńlá tí ẹnì kan ti gé etí wọn kí wọ́n lè mọ́ lójú máa ń kéré díẹ̀ sí ìwọ̀n yẹn. Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ bá rí sílẹ̀, nítorí owó tí a bá ti gé báyìí kì í pa iye tí èyí tó pé ń pa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ohun tí a kọ sí ojú rẹ̀

Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, National Currency. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ sì ṣáájú ọdún 1863, owó àwọn báǹkì ìpínlẹ̀ ìgbà àtijọ́ ni ẹ mú dání. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n rírí ọ̀rọ̀ yìí nìkan kò tó. Àwọn báǹkì ńlá méjìlá ti Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, náà gbé owó kan jáde tí National Currency wà lára rẹ̀, ti ọdún 1929 wọn sì ní òǹtẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti báǹkì ìlú kékeré. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni èyí ti ṣì lọ́nà. Ẹ wo orúkọ báǹkì náà: bí ó bá jẹ́ Federal Reserve Bank, tí lẹ́tà ńlá kan láàárín A sí L sì wà níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà wà, kì í ṣe ti báǹkì ìlú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá nọ́ńbà ìwé àṣẹ

Níbi tí mo bá ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ yìí, ibí ni mo máa ń pẹ́ sí jù lọ. Báǹkì kọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá fún ní àṣẹ ń gba nọ́ńbà kan tí a kò fún ẹlòmíràn: ti First National Bank ní Philadelphia ni 1, ti First National Bank ní Davenport ní Iowa, tí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún oníbàárà ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, ni 15, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á lọ títí ó fi kọjá 14,000 kí ètò náà tó parí. Láyé àtijọ́, bí àgbàlagbà bá wo àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú ènìyàn, kò ní bèèrè ibi tí onítọ̀hún ti wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà yìí rí lára owó. Àìmọye báǹkì ni ó ń jẹ́ First National Bank, ìlú tí ó ń jẹ́ Springfield sì wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ìlú kan lè pa orúkọ dà, báǹkì kan lè pa orúkọ dà, méjì lè dà pọ̀ di ọ̀kan. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ ni ẹ ó fi mọ èyí tí ẹ mú dání gan-an.

Lára owó ńlá, ẹ ó rí i ní nọ́ńbà gàdàgbà aláwọ̀ ní ojú bébà, ẹ ó sì tún rí i ní kékeré, tí wọ́n fín in sínú etí bébà yíká lára àwọn ti ìran ọdún 1882 àti 1902, tí a ó ṣàlàyé ní ìgbésẹ̀ kẹrin. Awò yín yóò wúlò níbẹ̀, pàápàá bí ìlò bá ti pa nọ́ńbà ńlá rẹ́. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ lè má ní nọ́ńbà yìí rárá, nítorí pé òfin oṣù Kẹfà ọdún 1874 ni ó sọ ọ́ di dandan. Fún irú wọn, orúkọ báǹkì, orúkọ ìlú àti ti ìpínlẹ̀ ni ẹ ó fi wá a. Lára àwọn ti ọdún 1929, dúdú ni nọ́ńbà náà, ó sì dúró lóòró ní apá òsì àti apá ọ̀tún.

Ẹ ṣàkíyèsí lẹ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà lára àwọn owó ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: N, E, M, S, W tàbí P. Agbègbè ni ó ń tọ́ka sí, láti New England dé etíkun Pàsífíìkì. Wọ́n fi sí i kí àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìṣúra lè tètè ya àwọn owó tí ó ti gbó sọ́tọ̀ nígbà tí ó bá padà dé Washington. Bí orúkọ ìpínlẹ̀ bá ti parẹ́, lẹ́tà yìí lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ìran tí ó ti jáde

Ìran àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1863. Àwòrán ìtàn ni ó kún ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, lára dọ́là 5 ni ẹ ó ti rí Columbus níbi tí ó ti ń wo ilẹ̀ lókèèrè. Nínú ìran yìí nìkan ni dọ́là 1 àti dọ́là 2 wà. Nọ́ńbà 2 ńlá tí ó wà lójú dọ́là 2 náà dùbúlẹ̀ gbalaja ni, àwọn olùkójọ sì ń pè é ní Lazy Deuce. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹnikẹ́ni bá gbé dọ́là 1 wá tí ó ní báǹkì ìlú kan ni ó gbé e jáde ní ọdún 1902 tàbí 1929, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìran kejì ni ti ọdún 1882, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó sì fi mọ irú èyí tí ó jẹ́. Àkọ́kọ́ nínú wọn ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ báǹkì gàdàgbà sí àárín rẹ̀. Lójú tèmi, kò sí èyí tí ó lẹ́wà tó o nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 1882 àti 1908 dé, ìkẹyìn sì ni èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kọ iye owó náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1908 wọ inú ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ìdààmú bá àwọn báǹkì ní ọdún 1907, tí ìjọba fi ṣe òfin ní oṣù Karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e pé báǹkì lè fi ohun ìdógò mìíràn gba owó yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀yáwó ìjọba. Ẹ ó rí gbólóhùn náà, or other securities, ní ojú àwọn bébà tí ó jáde lábẹ́ òfin yẹn.

Ìran kẹta ni ti ọdún 1902, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ lọ́jà nínú àwọn owó ńlá. Benjamin Harrison ni ó wà lára dọ́là 5, William McKinley lára dọ́là 10, Hugh McCulloch tí ó kọ́kọ́ ṣe alákòóso ètò náà sì wà lára dọ́là 20. Òǹtẹ̀ pupa ni àwọn tí ó ṣáájú, wọn kò sì pọ̀. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró ni ó rọ́pò wọn láti ọdún 1908: ẹ̀yìn àwọn kan ní 1902 àti 1908, ẹ̀yìn àwọn tí ó jáde kẹ́yìn kò sì ní ọdún kankan.

Ní ọdún 1929, gbogbo wọn di kékeré, àwòrán wọn sì di ti Lincoln, Hamilton, Jackson, Grant àti Franklin tí a mọ̀ lónìí, pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n. Oríṣi kìíní ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì, ní dúdú. Nọ́ńbà tí a fi ń ka bébà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan láti A dé F, ó sì parí pẹ̀lú A. Bí ẹ bá rí A000123A àti D000123A ti báǹkì kan náà, tí iye owó wọn sì jẹ́ ọ̀kan, ẹ mọ̀ pé ojú bébà kan náà ni wọ́n jọ wà kí akápò tó gé wọn. Oríṣi kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933, ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ lẹ́ẹ̀mẹrin: méjì ní dúdú, méjì ní àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìkabébà. Oríṣi kejì ti ọ̀pọ̀ báǹkì ṣọ̀wọ́n ju oríṣi kìíní lọ, nítorí pé kò pẹ́ rárá tí ètò náà fi parí.

Ọdún tí a kọ sára ìran kan kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ bébà náà, ọjọ́ tí a fín sí ojú rẹ̀ kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún ni ìwé àṣẹ báǹkì máa ń lò kí wọ́n tó tún un ṣe, ọjọ́ tí báǹkì gbà á tàbí tí ó tún un ṣe ni ó sì ń pinnu ìran owó tí yóò máa gbé jáde. Báǹkì tí ó gba àṣẹ ní ọdún 1890 ń gbé ti 1882 jáde títí di 1910, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti ń ná ti 1902. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa pe ọjọ́ orí owó rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wo ìfọwọ́sí àti nọ́ńbà

Àwọn méjì fọwọ́ sí i láti Washington, ti àwọn wọ̀nyẹn sì jẹ́ títẹ̀. Ìfọwọ́sí àwọn méjì tí ó kù ni ọ̀ràn wa: akápò àti ààrẹ báǹkì. Lára owó ńlá, yálà kí wọ́n fi kálàmù kọ ọ́, kí wọ́n fi róbà lù ú, tàbí kí wọ́n fín in sára irin ìtẹ̀wé. Yíǹkì kálàmù máa ń ṣá, ó lè kù fírífírí. Ẹ gbé e sí abẹ́ iná tí ó wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì rí ipa ojú kálàmù lórí bébà. Àwọn kan a máa fi yíǹkì tuntun gba orí ti àtijọ́. Bí ìlà kan bá dúdú dan nígbà tí gbogbo ara bébà ti gbó, ẹ fura.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ó ń so bébà pọ̀ mọ́ ènìyàn. Àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ti ìlú kékeré, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ adúláwọ̀ mọ̀, ni Douglass National Bank ní Chicago, nọ́ńbà 12227, tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Frederick Douglass, ẹni tí ó sá kúrò lóko ẹrú, pè. Anthony Overton, tí wọ́n bí nígbà oko ẹrú, jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Ó ṣí ní ọdún 1922, ó sì wó ní ọdún 1932. Bí mo bá rántí pé ọmọ tí wọ́n bí sí oko ẹrú di ààrẹ báǹkì tí orúkọ rẹ̀ wà lára owó ìjọba Amẹ́ríkà, orí mi a wú.

Lára owó ńlá, nọ́ńbà méjì ni ó sábà máa ń wà: ọ̀kan ti Ilé Ìṣúra, ọ̀kan ti báǹkì fúnra rẹ̀. Ti báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ 1, ojú bébà àkọ́kọ́ tí báǹkì náà gbà nínú irú owó bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá, àwọn olùkójọ sì ń du irú rẹ̀ gidigidi.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá ibi tí ó pọ̀ dé

Kì í ṣe iye tí a kọ sára rẹ̀ ni ó ń sọ iye tí yóò pa. Owó àwọn báǹkì Pennsylvania àti New York pọ̀, nítorí pé àwọn báǹkì ibẹ̀ pọ̀. Ti Alaska, Hawaii, Nevada àti Mississippi ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà, Territory, lára owó Arizona tàbí New Mexico, wọ́n ṣètò rẹ̀ kí ibẹ̀ tó di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1912 ni, kí ẹ sì rọra mú un. Ṣùgbọ́n láàárín Pennsylvania náà, ìlú kékeré kan wà tí ẹ ó wá owó rẹ̀ títí tí ẹ kò ní rí. Àwọn olùkójọ ti ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo èyí tí ó bá yọjú láti ọ̀dọ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ Society of Paper Money Collectors tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961 sì ní ìtàn àwọn báǹkì wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó rà, kí ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á nìkan ṣe ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yẹ ara bébà wò

Bébà àkọ́kọ́ tí mo rà mọ́ tónítóní, inú mi sì dùn púpọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni àgbàlagbà kan fi hàn mí pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti fi irin gbígbóná lọ̀ ọ́. Ó ní kí n gbé e dání níwájú iná láti ẹ̀gbẹ́: kò sí ibi tí yíǹkì ti ga lórí bébà mọ́, ojú ìṣẹ́po tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti di òjìji lásán. Owó tí a fín sára irin ìtẹ̀wé, tí a sì fi agbára tẹ̀, kì í tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, èmi kì í ra bébà tí n kò bá tíì wò lábẹ́ iná. Ẹ wá ihò abẹ́rẹ́, ibi tí ó ya tí wọ́n lẹ̀, àti igun tí wọ́n fi bébà mìíràn tún ṣe. Ẹ tún wá àwọn fọ́nrán kéékèèké pupa àti aláwọ̀ aró tí ó wà nínú bébà àwọn ti ọdún 1929. Inú bébà ni wọ́n ń wà, wọn kì í ṣe ohun tí a tẹ̀ sí ojú rẹ̀.

Ohun kan tí wọ́n máa ń gbé tọ̀ mí wá ṣáá ni bébà dọ́là 1,000 ti Bank of the United States, tí a kọ ọdún 1840 àti nọ́ńbà 8894 sí. Àdàkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu ni, bébà rẹ̀ le, ó sì pọ́n bí ẹni pé ó ti gbó. Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà yẹn, kò sí ohun tí ẹ ń yẹ̀ wò mọ́.

Bí ìdọ̀tí bá wà lára owó yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi róbà pa á, ẹ má sì fi téèpù lẹ ibi tí ó ya. Fún èyí tí ó níye lórí gan-an, àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ń yẹ owó wò, tí wọ́n ń fún un ní máàkì láti 1 dé 70, tí wọ́n sì ń dì í sínú ike. Owó tí wọ́n ń gbà kò yẹ fún bébà tí kò ṣọ̀wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìpamọ́ àti àkọsílẹ̀

Àpò Mylar, irú ike kan tí ó mọ́ gaara, ni kí ẹ lò. Àwọn àpò ike rírọ̀ tí ó ní èròjà PVC nínú máa ń yọ omi lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a sì máa ba bébà jẹ́. Kí ibẹ̀ gbẹ, kí oòrùn má tàn sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣì ń gba owó yìí ní iye tí a kọ sára rẹ̀, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún àwọn ará ilé, kí ẹnì kan má ṣe mú dọ́là 20 ìlú tí ó ṣọ̀wọ́n lọ ra epo mọ́tò.

Ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún bébà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye owó, ìran àti oríṣi, nọ́ńbà ìwé àṣẹ, orúkọ báǹkì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ìlú àti ìpínlẹ̀, gbogbo nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀, orúkọ akápò àti ti ààrẹ bí ẹ bá lè kà wọ́n, ibi tí ẹ ti rà á àti iye tí ẹ san. Orúkọ àwọn méjì yẹn ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìkàwé ìlú náà tàbí sínú ìwé ìròyìn àtijọ́ rẹ̀. Ní ìlú tí kò tóbi, ẹ ó rí ilé tí akápò gbé, ọjà tí ààrẹ báǹkì ń tà kí ó tó ní báǹkì, nígbà mìíràn ẹ ó rí àwòrán wọn níwájú ilẹ̀kùn báǹkì náà. Ẹ ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn owó yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀, nítorí bí tiyín bá jẹ́ ẹ̀kejì tàbí ẹ̀kẹta tí a mọ̀ láti ìlú yẹn, ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti gbọ́ ọ.